Ìgbéyàwó Tí A Fi Pamọ́ Fún Òbí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ojú ewé ìdílé lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ní gbangba ní àgbègbè wa yìí, láti Tchatchou títí dé Kilibo. Síbẹ̀ ó ti wọ inú ilé wa. Àwọn ọmọ kan ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní mérì láìjẹ́ kí bàbá tàbí ìyá wọn gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà sílé, wọ́n á máa gbé lábẹ́ òrùlé bàbá wọn bí ẹni tí kò tíì ní ọkọ, títí ìwé tí wọ́n ń retí láti òkè òkun yóò fi dé.

Láyé àwọn bàbá wa, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ ẹni tí ilé kò fẹ́, ó lè bá a sá lọ. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ilé mọ̀, ìlú mọ̀, àwọn àgbà á sì wá ọ̀nà láti lọ tọrọ àforíjì fún wọn. Èyí tó dé báyìí yàtọ̀. Ọmọ kò sá lọ síbì kan. Ó wà nílé, ó ń pọn omi, ó ń gún iyán, ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó ń wá sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi. Aya ẹni kan ni, ilé kò sì mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó bínú, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀nà náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé fíísà dà bí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ènìyàn ń rà ní ibùdókọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ wa bá ti di ọmọ Faransé nípa ìwé, tí ó sì fẹ́ gbé ìyàwó níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́ kónsúlà Faransé ní Kútọnu. Certificat de capacité à mariage ni wọ́n ń pè é. Òfin tí wọ́n ṣe ní Faransé ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2006 ló mú ọ̀rọ̀ yìí le. Wọ́n á lẹ orúkọ àwọn méjèèjì síta fún ọjọ́ 10, wọ́n sì lè pe ọkùnrin àti obìnrin láti bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni mérì tiwa yóò tó so wọ́n pọ̀. Wọ́n á tún kọ ìgbéyàwó náà sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Faransé, kí obìnrin náà tó lọ béèrè fíísà tí ó lè fi gbé ibẹ̀ tó ọdún kan.

Bí ọkùnrin náà kò bá tíì di ọmọ Faransé, tó jẹ́ pé káàdì ìgbélùú ló mú lọ́wọ́, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Òun ni wọ́n ń pè ní regroupement familial. Láti ọdún 2006, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 18 lábẹ́ òfin kí ó tó lè béèrè pé kí ìyàwó rẹ̀ wá bá òun. Wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún un, wọ́n á wo ilé tí ó ń gbé bí ó bá tóbi tó, aláṣẹ àgbègbè ibẹ̀ sì ní oṣù 6 láti fún un ní èsì. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé ìgbéyàwó. Fọ́tò ìfẹ́ kò tó, ìlérí kò tó, obì tí ẹbí gbà kò tó. Ìwé mérì ni wọ́n ń béèrè.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé: bí a bá ní kí a dúró kí bàbá gbà kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ọdún ìjẹṣu méjì á kọjá, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fọwọ́ sí i ná. Bí fíísà bá jáde, a ó sọ fún wọn. Báyìí ni ohun tí wọ́n pè ní ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe ń di ọdún kan, tí ọdún kan sì ń di méjì.

Kí ló ń mú kí wọ́n fi í pamọ́? Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìdí kan ló wọ́pọ̀ jù: ọ̀rọ̀ ìsìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ilé wa ṣe rí. Ní Tchaourou, agbo ilé kan náà lè ní Mùsùlùmí, kí ó ní Kátólíìkì, kí ó ní àwọn ará ìjọ ajíhìnrere, kí ó sì tún ní ẹni tó ń bọ òrìṣà bàbá rẹ̀. A jọ ń jẹun níbi ìsọmọlórúkọ, a jọ ń sin òkú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìgbéyàwó, ojú á yí padà. Bàbá tí ó jẹ́ olórí àdúrà á ní ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ fẹ́ Ìmàle. Aláàjì á ní ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wálé. Àwọn ọmọ á gbọ́, wọn kò sì ní fèsì. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni àwa òbí máa ń pè ní ìgbọràn.

A ó sọ ọ̀kan nínú ohun tí a ti rí. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a ó sì fi àmì tí ènìyàn lè fi mọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní ìjọ kan ní agbègbè yìí, ẹni tí àwa fúnra wa kọ́ ní katikísíìmù títí ó fi gba ìfìdímúlẹ̀, wá bá wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó fa okùn kan jáde láti abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Òrùka ló wà ní ìdí okùn náà. Ó ní, “Bàbá Katikísì, ó ti pé oṣù 7 tí mo ti di ìyàwó.”

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ agbègbè wa ni, láti ilé Mùsùlùmí, tó lọ kàwé ní Faransé, tó rí iṣẹ́ níbẹ̀, tó sì wá di ọmọ ìlú náà nípa ìwé. Wọ́n ti mọ ara wọn láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní ìlú ńlá kan tó jìnnà sí ilé, ní ọjọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́. Àwọn òbí ọkùnrin kò mọ̀. Àwọn òbí obìnrin kò mọ̀. Bàbá obìnrin yìí kì í ṣe ènìyàn líle; ẹni tí gbogbo ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún ni, olórí ìgbìmọ̀ ni, òun ló máa ń ṣí àdúrà rósárì nínú oṣù kẹwàá.

A bi í pé kí ló dé tó fi wá sọ fún wa nísinsìnyí, nígbà tó ti fi í pamọ́ fún oṣù 7. Èsì tó fún wa ló jẹ́ kí a kọ ìwé yìí. Kì í ṣe pé fíísà ló ń dà á láàmú. Ó ní ẹnìkan ti wá ń tọrọ òun. Ọmọ ilé Kátólíìkì rere kan ni, bàbá rẹ̀ sì mọ bàbá òun. Wọ́n ti gbé iṣu wá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ti gbé obì wá. Bàbá òun gbà á tayọ̀tayọ̀, ìyá òun ti se iṣu náà, gbogbo ilé sì ti jẹ ẹ́. Òun náà jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tí ìfipamọ́ ń ṣe. Ọmọ náà rò pé ọ̀rọ̀ tòun àti ti ọkọ òun nìkan ni òun ń pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ bàbá rẹ̀ di ajigbèsè láìmọ̀. Bàbá olóòótọ́ ń gba nǹkan ìtọrọ lórí obìnrin tó ti di aya ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ń ná owó kajú rẹ̀ síbi tí kò sí ìyàwó fún un. Ìyá ń gbàdúrà ìdúpẹ́ fún ohun tí kò sí. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó purọ́, síbẹ̀ gbogbo wọn ń gbé inú irọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ náà kì í gba Ara Kristi mọ́ láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí ìwé. Ó mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀: Kátólíìkì tó ṣe ìgbéyàwó ní mérì nìkan, láìsí níwájú àlùfáà àti ẹlẹ́rìí, kò tíì ṣe ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí òfin Ìjọ ti wí. Nítorí náà ó ń jókòó sórí àga nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń lọ síwájú. Bàbá rẹ̀ rí i. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní inú ń run òun. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ti jẹun láìpẹ́ kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà bàbá kò bi í mọ́, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó náà kò lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n pè é fún ìbéèrè, wọ́n ní kí ó mú fọ́tò ìgbéyàwó wá. Ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú gbogbo fọ́tò náà. Wọ́n bi í pé, “Àwọn wo ló wá láti ẹbí rẹ?” Kò rí èsì fọ̀. Àwọn tó ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò máa ń wá àmì pé ìgbéyàwó kì í ṣe ti ìwé lásán. Bí ìyàwó kò bá ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní àbúrò kankan nínú fọ́tò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ohun tí àwọn ọmọ náà ṣe kí ìwé lè yá, òun gan-an ló mú kí ìwé falẹ̀.

Ó bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún bàbá òun. Katikísì kì í ṣe àlùfáà. Kì í gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, èdìdì tó wà lẹ́nu Fada kò sí lẹ́nu wa. Síbẹ̀ ẹni tí ọmọ finú hàn kò gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń tú àṣírí kiri. A sọ fún un pé: “A kò ní gba ẹ̀yìn rẹ lọ bá bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá bi wá, a kò ní purọ́ fún un. Àwọn tó ń tọrọ rẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé iṣu wá lẹ́ẹ̀kẹta.” A ní kí ó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá rẹ̀, kí ó sì pe ọkọ rẹ̀ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Aláàjì lọ́jọ́ kan náà, kí ilé kan má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ilé kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún bàbá, wọ́n ní kí a wà níbẹ̀. Ìyá sunkún. Bàbá kò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ rẹ̀: “Ọjọ́ wo ni?” Ọmọ dá ọjọ́ náà fún un. Bàbá ronú díẹ̀, ó ní, “Ìwọ lo se oúnjẹ alẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà.” Ó dìde, ó wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó sọ̀rọ̀ burúkú. Ṣùgbọ́n a ti ń bá àwọn ìdílé rìn láti ọjọ́ pípẹ́, a kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ fẹ́ Ìmàle ló kọ́kọ́ gún un lọ́kàn. Ohun tó gún un ni pé ọmọ òun gbé abọ́ oúnjẹ síwájú òun ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, òun sì jẹ ẹ́, òun sì gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní ọkọ rere.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ra iṣu tuntun, nítorí wọ́n ti jẹ ti àkọ́kọ́ tán, ó kó o lọ sí ilé àwọn tó ń tọrọ, ó sì tẹríba fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ìyẹn ni gbèsè tí ọmọ jẹ tí bàbá san. Lẹ́yìn náà ni òun àti Aláàjì pàdé. Àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn lọ́jà fún ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò: wọ́n ṣe ìdána kékeré kan, Fada sì bẹ̀rẹ̀ ètò láti béèrè àyè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, bí òfin Ìjọ ti wí nígbà tí Kátólíìkì bá fẹ́ ẹni tí a kò ṣe ìrìbọmi fún. Ọmọ náà ti wà ní òkè òkun báyìí. Bàbá kò tíì máa pe ọkọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ. “Ọmọ Aláàjì” ló ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò ẹlùbọ́ sórí ọkọ̀.

Àwọn kan á bi wá pé: ṣé ẹ̀yin ará Ìjọ ń sọ pé ọmọ kò lè ṣe ìgbéyàwó àfi tí bàbá bá fọwọ́ sí i? Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju fíísà lọ. Ní ọdún 1556, ọba Henri Kejì ti Faransé ṣe òfin tó le gan-an sí àwọn ọmọ tó bá ṣe ìgbéyàwó láìjẹ́ pé òbí gbà. Ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 30 àti obìnrin tí kò tíì pé 25 ni òfin náà dè. Àwọn aṣojú ọba fẹ́ kí Ìjọ náà sọ pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó rárá. Ní Àpérò Mímọ́ ti Trento, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1563, Ìjọ kọ̀. Àwọn Bàbá Àpérò ní ìfẹ́ inú ọkùnrin àti obìnrin ló ń dá ìgbéyàwó sílẹ̀, àìgbà òbí kò lè sọ ọ́ di asán. Ṣùgbọ́n nínú òfin kan náà, tí a mọ̀ sí Tametsi, wọ́n pàṣẹ pé a gbọ́dọ̀ kéde ìgbéyàwó ṣáájú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a sì ṣe é níwájú àlùfáà ìjọ àti ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yìí. Ìjọ gba ọmọ lọ́wọ́ ipá òbí, ó sì gba ìgbéyàwó lọ́wọ́ òkùnkùn. Méjèèjì ló ṣe pọ̀. Òmìnira wà, ṣùgbọ́n gbangba ni ilé rẹ̀. Lónìí náà, Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 mọ̀ pé ìgbà kan lè wà tí ìdí ńlá tó sì jẹ́ kánjúkánjú mú kí a ṣe ìgbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ àti ìyàwó ló ń fún ara wọn ní àyè náà. Aláṣẹ Ìjọ ní agbègbè náà, èyí ni bíṣọ́ọ̀bù, ló ń fúnni. Àlùfáà wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀ tí a ń tọ́jú sí ibi ìpamọ́ ti bíṣọ́ọ̀bù. Àní ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ pàápàá ní ilé tí a tọ́jú rẹ̀ sí.

Òfin ìjọba tiwa náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ìwé òfin ìdílé ti Bẹ̀nẹ̀ tó jáde ní ọdún 2004 sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè ṣe ìgbéyàwó nípa ìfẹ́ inú ara rẹ̀, àti pé èyí tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni ìjọba mọ̀. Ó ní owó orí jẹ́ àmì lásán. Nítorí náà, kí bàbá má ṣe sọ fún ọmọ tó ti dàgbà pé mérì kò ní so wọ́n pọ̀ láìsí òun. Mérì á so wọ́n. Agbára tí ó kù lọ́wọ́ bàbá ni pé kí ọmọ fẹ́ sọ fún un. Agbára yẹn kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ẹnu wa ló ń kọ́ ọ, ẹnu wa náà ló sì ń wó o.

Nínú Ìwé Tóbítì, ìtàn kan wà tí àwọn ìdílé wa fẹ́ràn. Bàbá rán Tobíà lọ gba owó ní ilẹ̀ jíjìn, ọmọ sì ṣe ìgbéyàwó lójú ọ̀nà. Òbí rẹ̀ kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ṣe é: ó ní alárinà, Ráfáẹ́lì ni, bàbá ìyàwó wà níbẹ̀, ó sì kọ ìwé àdéhùn, àsè wà. Bí àsè sì ti parí, Tobíà kò fẹ́ dúró mọ́, nítorí ó mọ̀ pé nílé wọ́n ń ka ọjọ́, ìyá òun sì ń jáde lójoojúmọ́ lọ wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó ronú kan ojú ìyá rẹ̀ tó ń wo ọ̀nà kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ọdún méjì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ẹ kì í sábà rò. Ẹ máa ń ro ọjọ́ tí fíísà yóò jáde. Ẹ ro ọjọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá ní fíísà kò sí ńkọ́? Ní Faransé, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 30 tí ènìyàn fi lè pè é lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ kan. Ta ni yóò jókòó tì ọ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn? Bí ọkọ bá ṣàìsàn níbi tó wà ńkọ́? Bí ó bá kú? Ìyàwó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò lè sunkún jáde. Yóò máa gún iyán fún àwọn ará ilé pẹ̀lú ọ̀fọ̀ nínú ikùn, kò sì sí ẹni tí yóò kí i kú ìdúró. Ẹni tó bá fi ọkọ pamọ́, ó ti fi opó rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú.

Bákan náà ni fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òfin ọdún 1986 sọ pé bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì nígbà tí wọ́n fún ènìyàn ní ìwé ìgbélùú, ìwé náà kò ní ju ọdún méjì lọ. Kí ọdún méjì náà tó pé, ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ tún fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹ̀rí tí àwọn tó mọ̀ yín bá jẹ́ wà nínú ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí fún ìgbéyàwó tí ẹ ti ní kí gbogbo ayé má mọ̀?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ nídìí oúnjẹ, nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọmọ ẹlòmíràn fẹ́ ẹni ìsìn mìíràn. “Bí ó bá jẹ́ tèmi, n kò ní mọ̀ ọ́n ní ọmọ mọ́.” Ẹ ti gbàgbé, ọmọ kò gbàgbé. A kò sọ pé kí ẹ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìgbàgbọ́. Ìjọ fúnra rẹ̀ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: bí Kátólíìkì bá fẹ́ ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi, ó ń béèrè àyè, ó sì ń ṣe ìlérí láti di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú, àti láti sa gbogbo ipá rẹ̀ kí a lè ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ kí wọ́n sì dàgbà nínú Ìjọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ ọ̀nà yìí fún ọmọ tí ẹ ti sọ fún pé kò sí ọ̀nà?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ fún òbí kí orúkọ yín tó wà lára ògiri, nítorí ògiri kónsúlà àti ti mérì kò mọ àṣírí. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ wá alárinà: àbúrò bàbá, ìyá ìrìbọmi, Fada, tàbí àwa. Ẹ mú ìwé lọ́wọ́, ẹ ṣàlàyé oṣù kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ẹ fi ń kánjú. Ẹ sọ fún wọn pé mérì ni ẹ ń lọ nísinsìnyí, ti Ìjọ àti ti ẹbí kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i láìsọ, kí ó sọ lónìí. Má ṣe dúró de fíísà, nítorí ìròyìn ayọ̀ kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣu wọ ilé yín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ẹ lè bínú lọ́la. Ẹ lè má gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kábàámọ̀ pé òun sọ òtítọ́, nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń kọ́ ohun tí àwọn náà yóò ṣe nígbà tiwọn.

Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísíìmù, fún òbí àti fún ọmọ. Kí Ìdílé Mímọ́ ti Násárẹ́tì, Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù, bá wa ṣọ́ àwọn ilé wa. Àmín.